Wọn ò gbé ìbọn, wọn ò gun ẹṣin: Àwọn akọni Ọbáléndé tó dènà Ebola l'Ékòó

 

Bí a bá ní kí èèyàn mẹ́wàá dárúkọ akọni tí wọ́n mọ̀, jagunjagun ni púpọ̀ nínú wọn yóò dá. Ẹnì kan á ní Ògèdèǹgbé ará Iléṣà. Èkejì á ní Balógun Ìbíkúnlé ará Ìbàdàn. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ á ní ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé Mọrèmi Àjàsorò o. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Akọni ni gbogbo wọn lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n irú akọni kan wà tí onílù kì í kì. Kò gun ẹṣin, kò yọ idà. Ó lè jẹ́ pé ìgbálẹ̀ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ló mú dání. Ó lè jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ló ń fún èèyàn. Bó bá délé lálẹ́, ẹsẹ̀ á máa ro ó, á máa ro ti owó ilé-ìwé ọmọ, bíi tèmi bíi tiyín. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé akọni ni, títí ọjọ́ tí ọ̀ràn yóò fi ká a mọ́ ibi iṣẹ́, tí kò ní í sá.

Irú wọn ló gba ìlú Èkó sílẹ̀ lọ́dún 2014. Ìtàn wọn la fẹ́ sọ lónìí, torí pé ó ti ń pẹ́, ọ̀pọ̀ wa sì ti ń gbàgbé. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti tó ẹni tó ń wọ ilé-ìwé girama. Bí a ò bá sọ fún un, ta ni yóò sọ fún un?

ÀRÙN TÓ Ń PA ALÁÀÁNÚ

Ebola kì í ṣe àrùn àná. Ọdún 1976 ni àwọn dókítà kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní ilẹ̀ Kóńgò àti ilẹ̀ Sudan. Odò kan tó ń jẹ́ Ebola ní Kóńgò ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀nà jìn sí wa nígbà náà, ọ̀rọ̀ náà ò kàn wá. Àfi ìgbà tó di ìparí ọdún 2013 tó bẹ̀rẹ̀ ní abúlé kan ní ilẹ̀ Gíní, ló bá ràn dé Lìbéríà, ló bá ràn dé Sierra Leone. Kó tó kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún 2016, èèyàn tó lé ní 28,600 ló ti mú ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa yìí, àwọn tó sì pa lé ní 11,300. Ẹ ò rí i pé ogun ni!

Ẹ jẹ́ ká sọ bí àrùn náà ṣe ń rìn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà. Kì í gba inú afẹ́fẹ́ bíi ọ̀fìnkìn. Omi ara ẹni tó ń ṣàìsàn ló ń bá rìn: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èébì rẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀, itọ́ rẹ̀, òógùn rẹ̀. Ẹni tó ti kó o, ṣùgbọ́n tí àìsàn ò tíì hàn lára rẹ̀, kì í kó o ran ẹlòmíì. Bó bá ti dùbúlẹ̀ ni ewu dé. Bí àìsàn náà bá sì ṣe ń le sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni àrùn á máa pọ̀ sí i lára rẹ̀. Òkú rẹ̀ gan-an léwu.

Ẹ wá rò ó wò. Ta ló máa ń fọwọ́ kan aláìsàn? Ṣebí ìyá rẹ̀ ni, ìyàwó rẹ̀ ni, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ ni, ẹni tó ń nu èébì rẹ̀ nílẹ̀ ni. Ta ló ń wẹ òkú? Ẹbí ni. Ọ̀dájú tó bá ti sá lọ, Ebola ò ní í bá a. Aláàánú tó dúró ló máa ń kọ́kọ́ mú. Ìdí nìyí tí ìtàn yìí fi yàtọ̀ sí ìtàn àìsàn tí ẹ ti ń gbọ́.

ỌJỌ́ ÀÌKÚ KAN NÍ ÌKẸJÀ

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Patrick Sawyer bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú ní pápákọ̀ Murtala Muhammed, ní Ìkẹjà. Ọmọ Lìbéríà ni, ó sì tún ní ìwé ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Òṣìṣẹ́ ìjọba Lìbéríà ni. Ìpàdé àjọ ECOWAS ló ń bá lọ sí Calabar. Àìsàn ti wà lára rẹ̀ láti ọ̀nà wá. Pápákọ̀ náà ló ṣubú lulẹ̀ sí.

Lásìkò náà, àwọn dókítà ọsibítù ìjọba ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù náà. Wọ́n ń bá ìjọba fa wàhálà. Àwọn tó gbé ọkùnrin yìí kò rí ibi gbé e lọ ju ọsibítù aládàáni lọ. Wọ́n bá gbé e lọ sí First Consultant ní Ọbáléndé, ní Èkó.

Ọkùnrin náà ní ibà ló ń ṣe òun. Ta ni ibà kì í ṣe l'Ékòó? Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú fún un. Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni pé àbúrò rẹ̀ obìnrin ti kú ní Lìbéríà ní nǹkan bí ọjọ́ 12 ṣáájú ìgbà náà, Ebola ló sì pa á. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó ti sún mọ́ ẹni tó ní Ebola, ó ní rárá o, kò sóhun tó jọ ọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, irọ́ kan ṣoṣo ni o. Ẹ ó gbọ́ iye ẹ̀mí tó bá a lọ.

OBÌNRIN TÓ NÍ KÒ NÍ Í LỌ

Ní ọjọ́ Ajé, dókítà àgbà kan dé ẹnu iṣẹ́, ó ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì bó ṣe máa ń ṣe. Ameyo Stella Adadevoh ni orúkọ rẹ̀. Ẹni ọdún 57 ni. Ìran Herbert Macaulay ni. Bàbá rẹ̀ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Kwaku Adadevoh, ti jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó rí. Ẹni tó bá fẹ́ lè ní ọmọ ọlọ́lá ni, kí ló fẹ́ jà fún? Ẹ ṣì ní sùúrù.

Ebola ò wọ Nàìjíríà rí kó tó dọjọ́ náà. Kò sí dókítà kan ní Èkó tó lè ní òun ti tọ́jú rẹ̀ rí níbí. Inú ìwé ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Àmọ́ nígbà tí obìnrin yìí wo ọkùnrin náà, tó gbọ́ ibi tó ti wá, tó rí i pé oògùn ibà kò ràn án, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó béèrè, ọkùnrin náà ṣẹ́. Ó tún béèrè. Ló bá ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ ìlera. Kò sí yàrá àdádó ní ọsibítù náà, kò sì sí aṣọ ààbò tó yẹ nílẹ̀. Wọ́n fi igi dí ẹnu ọ̀nà yàrá ọkùnrin náà kí èèyàn má baà máa wọlé-wọ̀de. Dókítà yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wá aṣọ ààbò káàkiri, ó sì ń ṣàlàyé àrùn náà fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Àwọn aṣojú ìjọba Lìbéríà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ tẹlifóònù. Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Èèyàn ńlá ni, ìpàdé ń dúró dè é ní Calabar. Ọ̀rọ̀ le débi pé wọ́n ń sọ pé ọsibítù ti èèyàn mọ́lé láìṣẹ̀, pé wọ́n ń tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ò fẹ́ dúró.

Ẹ fi ara yín sí ipò obìnrin yìí. Àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ò tíì dé. Ìfura lásán ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá lọ jẹ́ ibà ni lóòótọ́ ńkọ́? Orúkọ ọsibítù bàjẹ́ nìyẹn, ẹjọ́ ń bọ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà àbáyọ kò le rárá: kó bu ọwọ́ lùwé, kí ọkùnrin náà máa lọ, kí wàhálà rẹ̀ di ti ará Calabar. Ọ̀pọ̀ wa ni ì bá ṣe bẹ́ẹ̀, ká má purọ́ tan ara wa. A ó ní kí ló kàn mí.

Dókítà Adadevoh ní nítorí ire gbogbo ìlú, òun ò ní í jẹ́ kó lọ. Ibẹ̀ ló dúró sí, kò yẹ̀.

Nígbà tí àbájáde ẹ̀jẹ̀ máa dé, Ebola ni. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 25 oṣù Keje, ọkùnrin náà kú sínú yàrá tí wọ́n fi igi dí yẹn. Ẹ wá wò ó, ká ní ó dé Calabar ni? Ká ní ó jókòó láàárín àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè gbogbo, kí wọ́n tó fọ́n ká padà sílé oníkálukú ńkọ́? Ká ní ó rìn wọ àárín Èkó, ìlú tí àjọ ìlera àgbáyé ka àwọn ará ibẹ̀ sí bíi mílíọ̀nù 20 nígbà náà? Nínú dánfó tí a há sí bí ẹja inú agolo? Ní Òkè-Arìn lọ́jọ́ ọjà? Ẹ jẹ́ ká dákẹ́ níbẹ̀.

ÀWỌN TÍ WỌN KÌ Í DÁRÚKỌ

Dókítà ni gbogbo ayé mọ̀, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n dókítà kì í dá ṣiṣẹ́ ọsibítù. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọṣẹ́ ní ọsibítù náà gan-an ló bá aláìsàn yìí pàdé. Ẹ gbọ́ ná: ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọṣẹ́! Oyún wà nínú rẹ̀. Ó tọ́jú ọkùnrin náà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ kó tọ́jú èèyàn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ibà gbé òun náà dè. Ó kú, oyún inú rẹ̀ sì bá a lọ.

Obìnrin kan tún wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó tún yàrá ṣe, kó pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kó nu ilẹ̀. Ẹ mọ irú iṣẹ́ tí à ń wí. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé bí a bá wọ ọsibítù, a kì í kí ẹni tó ń ṣe é. A ó kí dókítà, a ó kí nọ́ọ̀sì, a ó sì fẹsẹ̀ tẹ ibi tí obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ebola pa òun náà.

Dókítà àgbà mìíràn náà kú nínú wọn. Ìgbà tó sì di ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ, Dókítà Adadevoh fúnra rẹ̀, tó ní ọkùnrin náà ò ní í lọ, dágbére fáyé. Ẹni mẹ́rin láti inú ọsibítù kan ṣoṣo. Àwọn mìíràn níbẹ̀ kó àrùn náà, Ọlọ́run sì dá wọn sí.

Orúkọ nọ́ọ̀sì yẹn àti ti obìnrin tó ń nulẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹbí wọn. A ò fẹ́ máa ṣí egbò onílé nílẹ̀, ìyẹn ni a ò ṣe kọ ọ́ síbí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ wọn kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ nínú ara rẹ̀ báyìí pé, "Wọn ò mọ̀ ni jàre. Ká ní wọ́n mọ̀ pé Ebola ni, wọn ì bá ti sá." Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní apá kan. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, ibà ni gbogbo wọn rò pé ó jẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí dókítà ti fura títí di ọjọ́ Ẹtì tí ọkùnrin náà kú, ta ló ń wọ inú yàrá yẹn? Ta ló ń fún un lómi? Ta ló ń palẹ̀ ohun tó bì mọ́? Èèyàn ni o, kì í ṣe ẹ̀rọ. Wọ́n bẹ̀rù, torí ẹni tí kò bá bẹ̀rù Ebola, orí rẹ̀ ò pé. Wọ́n bẹ̀rù tán, wọ́n sì wọlé. Èmi ò mọ ohun mìíràn tí à ń pè ní akọni ju ìyẹn lọ.

OMI IYỌ̀ MÉJÌ

Ẹ óò rántí òru kan ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Tẹlifóònù ń dún lágogo mélòó òru. Ẹ̀gbọ́n ń pe àbúrò, àna ń pe àna: ẹ tètè dìde, ẹ po iyọ̀ mọ́ omi gbígbóná, ẹ fi wẹ̀, ẹ mu díẹ̀ níbẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ o! Pé òun ni ò ní í jẹ́ kí Ebola wọlé yín. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti jí ọmọ kékeré lójú oorun, tí wọ́n da omi iyọ̀ sí i lára. Àwọn mìíràn ní orógbó ni ká máa jẹ.

Irọ́ ni. Àjọ ìlera àgbáyé jáde wí pé omi iyọ̀ náà ti pa èèyàn méjì ní Nàìjíríà. Omi iyọ̀ tó pọ̀ ju ìwọ̀n lọ kì í ṣe ohun tí ara lè gbà, pàápàá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń ṣe.

Omi iyọ̀ kejì wà ní Yábàá. Ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn tó ti kó àrùn náà lọ, ní yàrá àdádó. Dókítà obìnrin kan, tí òun náà ti ọsibítù Ọbáléndé yẹn kó o, tó sì yè, kọ ìtàn ara rẹ̀ síta fáráyé kà. Ó ní omi tí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ níwọ̀n-níwọ̀n, irú èyí tí ẹ̀yin ìyá máa ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ni wọ́n ní kí òun máa mu. Ọ̀pọ̀ lítà lójoojúmọ́. Ó ń bì, ó ń mu. Ó ń yàgbẹ́, ó ń mu. Nígbà tí kò wù ú rárá, ó fi agídí mu ún.

Kò sí oògùn kan pàtó tó ń pa Ebola lọ́wọ́ wọn nígbà náà. Omi yìí pàápàá kì í pa á. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dá omi tí ara pàdánù padà, kí èèyàn má baà gbẹ kú kí ara rẹ̀ tó rí àyè bá àrùn náà jà. Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe rí? Iyọ̀ kan náà ni. Èyí tí wọ́n fi òye pò gbẹ̀mí là, èyí tí wọ́n fi ahesọ pò gbẹ̀mí èèyàn. Ẹni tó ń gbé irọ́ kiri lóru kò ní ibi lọ́kàn, ó fẹ́ràn ẹbí rẹ̀ ni. Àmọ́ ìfẹ́ láìsí ìmọ̀ ti ṣe ọ̀pọ̀ ní jàǹbá.

ÀWỌN TÓ Ń KANLẸ̀KÙN

Bí ọkùnrin yẹn ṣe kú, iṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní láti wá gbogbo ẹni tó fara kàn án rí, láti pápákọ̀ dé ọsibítù. Wọ́n kà wọ́n, wọ́n jẹ́ 72. Ẹni tó bá tún ṣàìsàn nínú wọn, wọ́n á tún wá àwọn tó fara kan òun náà. Ó ń yí bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Èkó, ẹ mọ ohun tí à ń wí. Ilé tí kò ní nọ́ńbà. Àdúgbò tó jẹ́ pé Ìyá Ṣadé ni gbogbo ayé mọ̀, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Inú rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yìí ń wọ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ń bá ìjọba ṣe iṣẹ́ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn tó máa ń kán oògùn sọ́mọ lẹ́nu láti ilé dé ilé. Wọ́n ti mọ bí a ṣe ń kanlẹ̀kùn, wọ́n ti mọ bí a ṣe ń gba èébú láì dáhùn.

Ọjọ́ 21 ni wọ́n fi ń ṣọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí àrùn náà lè fara pamọ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó yọjú. Wọ́n á wọn ìgbóná ara rẹ̀, wọ́n á béèrè bó ṣe jí. Ní gbogbo Nàìjíríà, èèyàn 894 ni wọ́n ṣọ́ báyìí. Ìgbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìbẹ̀wò tí wọ́n ṣe tó nǹkan bí 18,500. Wọ́n ò fi tẹlifóònù ṣe é. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín.

Ọ̀nà kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ já mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó fara kan Sawyer yọ́ lọ sí Port Harcourt. Dókítà kan tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ẹni tó yọ́ lọ náà yè, dókítà tó tọ́jú rẹ̀ kú ní oṣù Kẹjọ. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ni wọ́n tún ní láti máa ṣọ́ ní Port Harcourt nítorí ìrìn àjò kan ṣoṣo. Ẹ tún rí i: ẹni tó sá àti ẹni tó bò ó mọ́lẹ̀.

Ká má gbàgbé àwọn tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn wọn náà o. Àwọn aládùúgbò ń sá fún wọn. Oníbàárà ò fẹ́ gba ṣéńjì lọ́wọ́ ẹni tí àwọn oníṣẹ́ ìlera ń wá sílé rẹ̀. Ó rọrùn kéèyàn sá lọ sí abúlé, bí ẹni tó lọ sí Port Harcourt. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, tó ṣílẹ̀kùn lójoojúmọ́, tó ní "lónìí yìí ara mi gbóná díẹ̀" nígbà tó mọ ohun tí ìyẹn lè túmọ̀ sí, akọni ni.

Ibi tó parí sí rèé. Ní gbogbo Nàìjíríà, èèyàn 20 péré ni Ebola mú. Mẹ́jọ kú nínú wọn, pẹ̀lú Sawyer fúnra rẹ̀. Méjìlá yè. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2014, lẹ́yìn ọjọ́ 42 tí ẹlòmíì ò kó o mọ́, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà. Oṣù mẹ́ta géérégé láti ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn ti ṣubú ní Ìkẹjà. Wọ́n ti fi ṣe fíìmù, 93 Days lórúkọ rẹ̀, ó jáde lọ́dún 2016. Bimbo Akintola ló ṣe Dókítà Adadevoh nínú rẹ̀.

KÍ LÓ KÀN WÁ NÍBẸ̀?

Ó kàn wá gan-an ni. Kò sí ẹnì kankan nínú àwọn tí a dárúkọ yìí tó jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ náà pé òun ń lọ di akọni. Ibi iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń lọ. Dókítà ṣe iṣẹ́ dókítà, nọ́ọ̀sì ṣe ti nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń nulẹ̀ nu ilẹ̀, ẹni tó ń kanlẹ̀kùn kàn án. Ohun tó mú wọn di akọni ni pé wọ́n ṣe é lọ́jọ́ tí àǹfààní wà láti má ṣe é, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní í mú wọn.

Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ lọ́dọ̀ gbogbo wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe Ebola ni yóò gbé e wá. Bíríkìlà tí wọ́n ní kó dín sìmẹ́ǹtì kù, tó ní òun ò ṣe. Rewayà tó rí i pé wáyà náà ò lè gbé iná ilé, tó tú u bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníṣẹ́ ò ní í san owó lé e. Mẹkáníìkì tó rí i pé bíréèkì dánfó kò dáa, tó ní ọkọ̀ yìí ò kúrò níbí lónìí. Ìyá olóúnjẹ tó da ìkòkò ọbẹ̀ tó ti kan nù, tó gba àdánù. Ta ló mọ iye ẹ̀mí tó gbà là? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹni tí kò kú kì í wá dúpẹ́, torí kò mọ̀ pé òun ì bá ti kú.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ bá wa mú délé.

Èkíní, ẹ jọ̀ọ́, bí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì bá bi yín léèrè, ẹ sọ òótọ́. Ibi tí ẹ ti ń bọ̀, ẹni tí ẹ fara kàn, àgbo tí ẹ mu kí ẹ tó wá, ẹ sọ ọ́. Ìtìjú kì í pa èèyàn. Irọ́ ọkùnrin yẹn, ẹ ti rí i.

Èkejì, bí ọ̀rọ̀ bá dé sórí fóònù yín lóru, ẹ má tíì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá wọ ọsibítù, ẹ kí obìnrin tó ń nulẹ̀. Ẹ kí i dáadáa, bí ẹ ṣe ń kí ọ̀gá. Kí ẹ̀yin aláṣẹ náà sì gbọ́: ẹnu lásán kì í dáàbò bo èèyàn. Bí a bá ń pe òṣìṣẹ́ ọsibítù ní akọni, tí kò rí ìbọ̀wọ́ wọ̀, tí kò rí owó oṣù gbà bó ti yẹ, a ń yìn ín sínú ikú ni. Akọni tó kú sẹ́nu iṣẹ́ dára láti ròyìn. Akọni tó ṣiṣẹ́ tán, tó padà sílé lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀, ló dára jù.

Ó dọwọ́ yín báyìí, ẹ̀yin ònkàwé wa. A mọ̀ pé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ wà ládùúgbò yín. Ó lè jẹ́ agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí ọmọ nínú ẹ̀kún omi. Ó lè jẹ́ ọlọ́kadà tó gbé ẹni tí ọkọ̀ kọ lù, tí kò bèèrè owó. Ẹ kọ ìtàn rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, kò gbọdọ̀ gùn ju ojú ewé kan lọ, a ó tẹ̀ ẹ́ síbi tí a máa ń tẹ lẹ́tà sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ọ̀rọ̀ wa ò bá tẹ́ lọ́rùn, tó gbà pé ẹni tó sá ló gbọ́n, kí òun náà kọ tirẹ̀. A ó gbé ìjà náà síwájú gbogbo ayé.

Ọlọ́run kó bá wa tẹ́ àwọn tó lọ sí afẹ́fẹ́ rere. Kó sì má jẹ̀ẹ́ ká sá lọ́jọ́ tó bá kàn wá. Àmín o.